Bí mo ṣe ń gbé àtúnṣe bọ́ọ̀gì mẹ́mọ́rì padà sínú kernel àtijọ́

Àbúrò mi kan tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà nílé ẹ̀kọ́ kan ní Kétu ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, sáfà wa yìí, tó bá ti ṣiṣẹ́ tó ọjọ́ mẹ́rin, mẹ́mọ́rì ẹ̀ á kàn tán, mo ti wo gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, mi ò rí èyí tó ń jẹ ẹ́." Mo ní kó tẹ `uname -r` fún mi kí n mọ kernel Linux (ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ) tó ń lò, ó ní 5.10 ni. Mo ní kí ló dé tí o ò gbé e lọ sí tuntun, ó ní dráífà káàdì kan tó wà nínú ẹ̀ kò gbà ju 5.10 lọ, ẹni tó tà á fún wọn ò sì gbé fóònù mọ́. Ó yé mi. Àwa tá à ń lo ẹ̀rọ àlòkù níbí, láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ, kì í ṣe pé a fẹ́ràn kernel àtijọ́ o, ẹ̀rọ ló dè wá mọ́ ọn.

Nígbà tí mo wá a wò, àtúnṣe ohun tó ń ṣe wọ́n ti wà nínú kernel tuntun tipẹ́, kò kàn tíì dé 5.10 ni. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ lónìí nìyẹn, ká mú àtúnṣe tó wà lókè ká gbé e padà wá sísàlẹ̀, backport ni wọ́n ń pè é. Mo kọ ọ́ fún ẹni tó ti mọ git díẹ̀ tó sì lè ka kóòdù C láìsá. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rántí èyí: bí patch, ìyẹn fáìlì tó gbé àtúnṣe dání, bá wọlé wẹ́rẹ́, kò tíì sọ fún yín pé ó tọ̀nà. Git ò mọ̀ nǹkan kan nípa mẹ́mọ́rì, ìlà tó jọra ló ń wá.

Bàbá télọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nítòsí ọjà Ouando. Tẹ́ ẹ bá gbé ṣòkòtò tó ya lọ bá a, kò ní kọ́kọ́ mú abẹ́rẹ́, ńṣe ló máa yí inú ẹ̀ síta, á fi ìka tọ òwú àtijọ́ yẹn lọ díẹ̀díẹ̀ títí á fi rí ibi tí yíya náà ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà mìíràn á sọ fún yín pé ibi tẹ́ ẹ ń tọ́ka sí yẹn kọ́ ló ya. Ẹ jẹ́ ká máa ṣe bíi tiẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé náà ṣe rí kíá. Linus Torvalds ló ni igi àgbà, mainline, ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan tuntun ń gbà wọlé. Lábẹ́ ẹ̀ ni àwọn ẹ̀ka stable wà, Greg Kroah-Hartman àti Sasha Levin ló ń mójú tó o, lára àwọn tí wọ́n sì máa ń pẹ́ jù nínú wọn ni 5.10 (Oṣù Kejìlá 2020), 5.15 (Oṣù Kẹwàá 2021), 6.1 (Oṣù Kejìlá 2022), 6.6 (Oṣù Kẹwàá 2023) àti 6.12 (Oṣù Kọkànlá 2024). Tẹ́ ẹ bá ń lo Debian 11, 5.10 lẹ wà, Debian 12 sì wà lórí 6.1. Òfin stable ò le púpọ̀: àtúnṣe náà gbọ́dọ̀ ti wà ní mainline kó tó débẹ̀, kó tún bọ́ọ̀gì gidi ṣe, kó má ju ìlà 100 lọ pẹ̀lú àwọn ìlà tó yí i ká, kí ẹnì kan sì ti dán an wò. Ẹni tó bá ti débi Àkàbà Ìdènà ní Kétu rí á mọ ohun tí mò ń sọ, ibodè ìlú ni, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo báyìí, yàrà sì yí ìlú ká, ẹ ò lè gba ẹ̀yìn wọlé. Wọn ò ní gba ohun tí kò sí ní mainline lọ́wọ́ yín, bó ti wù kó dára tó.

Ohun kan wá wà nípa mẹ́mọ́rì ní pàtó tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Sasha Levin ní ẹ̀rọ kan tó ń wo àwọn commit mainline tó sì ń fúnra ẹ̀ mú èyí tó jọ àtúnṣe lọ sí stable, AUTOSEL ni wọ́n ń pè é. Kì í fọwọ́ kan inú fódà mm/ o. Àwọn tó ni mẹ́mọ́rì, Andrew Morton ni olórí wọn, ní kò gbọ́dọ̀ sí ohun tó máa lọ sí stable láti ọ̀dọ̀ àwọn àyàfi tí àwọn bá fọwọ́ ara àwọn kọ ọ́ sí i pé `Cc: stable@vger.kernel.org`. Wọ́n jàre, àtúnṣe mẹ́mọ́rì tó bá ṣìnà lè ba dátà èèyàn jẹ́ láìpariwo. Ṣùgbọ́n ìyẹn já sí pé tí ẹni tó kọ àtúnṣe náà bá gbàgbé ìlà Cc yẹn, tàbí tó kọ ọ́ ṣùgbọ́n tí patch náà ò wọ 5.10, kò sẹ́ni tó máa gbé e wá bá yín. Tí kò bá wọlé, Greg á fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ ọ́ tí àkọlé ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú FAILED, ó sì máa ń kọ gbogbo àṣẹ git tẹ́ ẹ nílò sínú ẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ ìgbà lẹni yẹn ti lọ sídìí nǹkan míì, ọ̀rọ̀ á wá kú síbẹ̀. Àyè tiyín nìyẹn.

Ó yá, kóòdù lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ má lo `--depth 1` nítorí pé mégà wọ́n, torí ìtàn gan-an lẹ nílò nínú iṣẹ́ yìí, `git blame` láìsí ìtàn kò wúlò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé git clone tó bá já láàárín kì í tẹ̀ síwájú níbi tó já, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni, ó sì ju gígà 2 lọ. Ní tèmi, clone.bundle tó wà ní kernel.org ni mo fi `wget -c` fà lóru, tí iná bá lọ tó bá tún dé á kàn máa bá a lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa ṣe é, lẹ́yìn ìyẹn `git fetch` kékeré ni. Èyí tí mo fà yẹn ni mo fi clé USB gbé lọ fún àbúrò mi ní Kétu, ó tẹ́ lọ́rùn ju kóun náà tún máa fà á lọ.

```
git clone clone.bundle linux
cd linux
git remote set-url origin https://git.kernel.org/pub/scm/linux/kernel/git/stable/linux.git
git fetch origin
git config merge.conflictStyle diff3
```

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ má fò ó. Tí patch bá ń bá kóòdù jà, diff3 á fi ohun mẹ́ta hàn yín: bó ṣe rí lọ́dọ̀ yín, bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwọn, àti bó ṣe rí kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀kẹta yìí lójú yín nílò.

Kẹ́ ẹ tó gbé nǹkan kan padà, ẹ wádìí bóyá bọ́ọ̀gì náà tiẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ má rẹ́rìn-ín, èmi náà ti lo òpin ọ̀sẹ̀ kan lórí àtúnṣe bọ́ọ̀gì tí kò sí nínú kernel tí mò ń tún ṣe. Àtúnṣe tó bá pé máa ń ní ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `Fixes:`, nọ́ńbà commit tó bí bọ́ọ̀gì náà ló wà níwájú ẹ̀. Ẹ mú nọ́ńbà yẹn, ẹ bi git bóyá ó ti wà nígbà tí wọ́n gbé 5.10 jáde:

```
git merge-base --is-ancestor <nọ́ńbà-Fixes> v5.10 && echo wà
git log --oneline --grep=<nọ́ńbà-Fixes> v5.10..origin/linux-5.10.y
git log --oneline --grep=<nọ́ńbà-àtúnṣe> v5.10..origin/linux-5.10.y
```

Ìlà kejì ló máa ń kó èèyàn láyà jẹ. Commit tó bí bọ́ọ̀gì lè má sí ní v5.10, kẹ́ ẹ máa sọ pé a ti bọ́, àṣé wọ́n ti gbé òun fúnra ẹ̀ padà wọ 5.10.y lẹ́yìn náà pẹ̀lú àtúnṣe míì, ó sì gbé bọ́ọ̀gì ẹ̀ dání wá. Gbogbo commit tó wọ stable máa ń dárúkọ nọ́ńbà mainline ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀, ìdí tí `--grep` fi ń rí i nìyẹn. Ìlà kẹta ń wo bóyá ẹlòmíì ti gbé àtúnṣe yẹn wá ṣáájú yín, kí ìyà má jẹ yín lásán.

Tí kò bá sí ìlà Fixes, ojú yín ló máa ṣe é. Ẹ ṣí fáìlì náà lórí ẹ̀ka àtijọ́, ẹ kà á látòkè délẹ̀, ẹ fi ìka tọ òwú.

Tó bá dájú pé bọ́ọ̀gì wà níbẹ̀:

```
git checkout -b atunse-5.10 origin/linux-5.10.y
git cherry-pick -x <nọ́ńbà-àtúnṣe>
```

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí, kóòdù mẹ́mọ́rì sì wà lára ibi tó ti yí padà jù láàárín 5.10 sí ìsinsìnyí. Ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn àyípadà tẹ́ ẹ máa pàdé jù lọ, torí tẹ́ ẹ bá mọ̀ wọ́n, ìdajì ìjà ti parí.

Ti àkọ́kọ́ ni folio. Láti 5.16 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi folio rọ́pò page. Page ni ẹ̀là mẹ́mọ́rì kékeré kan, lórí x86 baìtì 4096 ni, ṣùgbọ́n page lè so pọ̀ mọ́ra di ńlá kan, tó ní orí àti ìrù, kóòdù àtijọ́ kì í sì í sọ fún yín bóyá orí ni wọ́n gbé lé yín lọ́wọ́ àbí ìrù. Folio túmọ̀ sí pé gbogbo ẹ̀ lódindi ni, kò lè jẹ́ ìrù láé. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí `folio_put(folio)` nínú àtúnṣe, lórí 5.10 ó máa di `put_page(page)`, `folio_lock` á di `lock_page`, `page_folio(page)` á di `compound_head(page)`. Mẹ́ta yẹn rọrùn. Èyí tó ń gé èèyàn lọ́wọ́ ni `folio_nr_pages(folio)`. Àwọn kan á rí i, wọ́n á ní lórí kernel àtijọ́ page kan ni, wọ́n á fi 1 síbẹ̀. Tí page yẹn bá jẹ́ orí ńlá tó so 512 pọ̀, ìṣirò yín ti fi 511 ṣìnà, kò ní pariwo, ìwé ìṣirò mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ yín á kàn máa purọ́ lọ ni. `compound_nr(page)` tàbí `thp_nr_pages(page)` lẹ máa lò níbẹ̀, méjèèjì wà ní 5.10.

Ti kejì ni VMA. VMA ni kernel fi ń rántí pé ibi báyìí sí ibi báyìí nínú mẹ́mọ́rì prógíráàmù yìí ni nǹkan báyìí. Láti 6.1, inú maple tree ni wọ́n ń tọ́jú wọn sí, ṣáájú ìyẹn rbtree ni, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n kan tó so wọ́n mọ́ra (ọ̀nà ìtò dátà ni méjèèjì). Ohun tó jẹ́ `for_each_vma` ní 6.1 máa padà di:

```
for (vma = mm->mmap; vma; vma = vma->vm_next)
```

Tẹ́ ẹ bá rí bọ́ọ̀gì tí maple tree fúnra ẹ̀ bí, ẹ má wulẹ̀ wá a ní 5.15, kò lè sí níbẹ̀. StackRot, tí nọ́ńbà ẹ̀ nínú àkójọ àlébù ààbò jẹ́ CVE-2023-3269, nìyẹn, ọ̀nà tí stack ń gbà fẹ̀ láì di àgádágodo (lock) mú dáadáa lórí maple tree ló bí i, 6.1 sókè ló mú, wọ́n tún un ṣe ní 6.1.37, 6.3.11 àti 6.4.1. Ẹni tó wà lórí 5.10 lọ́jọ́ yẹn sùn dáadáa.

Ẹ̀kẹta, àgádágodo. Títí dé 5.7 `down_read(&mm->mmap_sem)` ni wọ́n ń kọ, láti 5.8 ó di `mmap_read_lock(mm)`. Orúkọ nìkan ló yí, ẹ kàn yí i padà. Ṣùgbọ́n láti 6.4 VMA kọ̀ọ̀kan ti ní àgádágodo tiẹ̀, àtúnṣe tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn, ọ̀rọ̀ míì ni, ẹ ronú dáadáa kẹ́ ẹ tó sọ pé ó kàn yín.

Wàyí o, mo ti sọ lókè pé wíwọlé wẹ́rẹ́ ò tó, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà kan rí rè é. Àtúnṣe kan wà tí gbogbo ẹ̀ jẹ́ ìlà kan péré. Ẹ wò ó bí mo ṣe fẹ́ kó yé yín, mo ti gé e kúrú:

```
        if (ret) {
+               folio_put(folio);
                goto out_unlock;
        }
```

Page kọ̀ọ̀kan ní iye ọwọ́ tó dì í mú. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó á fi ọwọ́ kan kún un, tó bá ṣe tán á yọ ọwọ́ ẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ tó kẹ́yìn bá kúrò, kernel á gbà á padà, á gbé e fún ẹlòmíì. Bọ́ọ̀gì tibí ni pé tí nǹkan bá ṣìnà láàárín, wọ́n gbàgbé láti yọ ọwọ́, ọwọ́ ẹni tó ti lọ ṣì wà lára page, kò sẹ́ni tó máa gbà á padà mọ́, mẹ́mọ́rì ń jò nìyẹn. Ìlà kan, ó yé mi, mo yí folio_put sí put_page, ó wọlé, ó kọ́, mo fún ara mi ní ohun mímu kan tó tutù.

Ohun tí mi ò wò ni ẹni tó ń pe function yìí. Ní mainline, wọ́n ti tún un tò, ẹni tó ń pè é kì í yọ ọwọ́ mọ́ tí àṣìṣe bá wáyé, function fúnra ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣe é, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbàgbé. Lórí ẹ̀ka àtijọ́ tí mò ń tún ṣe, ẹni tó ń pè é ṣì ń yọ ọwọ́ náà fúnra ẹ̀. Bọ́ọ̀gì yẹn ò sí níbẹ̀ rárá! Àtúnṣe mi wá yọ ọwọ́ kan, ẹni tó pè é tún yọ ìkejì, ọwọ́ ẹlòmíì ló yọ. Page tó ṣì wà lọ́wọ́ ẹnì kan, kernel ti gbé e fún ẹlòmíì, àwọn méjì ń kọ̀wé sínú ìwé kan náà láìmọ̀. Jíjò bíi ti Kétu á kàn pa ẹ̀rọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, èyí á ba fáìlì èèyàn jẹ́ lọ́jọ́ kìíní. Inú QEMU, ẹ̀rọ àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà mi, ni mo ti rí i, a dúpẹ́, ó tẹ èyí jáde sójú mi:

```
page dumped because: VM_BUG_ON_PAGE(page_ref_count(page) == 0)
```

Láti ìgbà yẹn, mi ò kì í wo function tí patch fọwọ́ kàn nìkan mọ́. Mo máa ń ṣí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pè é, lórí mainline àti lórí ẹ̀ka àtijọ́, mo máa gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo sì máa mú bébà gidi àti bíìkì, mo máa kọ ọ́ síbẹ̀: ta ló mú ọwọ́, ta ló yọ ọ́, ta ló ti àgádágodo, ta ló ṣí i, lórí ọ̀nà tó lọ dáadáa àti lórí ọ̀nà àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. `git log -S'put_page(page)' -- mm/fáìlì.c` máa ń sọ fún mi ìgbà tí ìlà kan wọlé tàbí tó jáde, ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí àtúntò tó yí nǹkan padà láàárín.

Tẹ́ ẹ bá sì rí i pé àtúnṣe yín dúró lé commit míì tí kò sí ní 5.10, ọ̀nà méjì ló wà, kẹ́ ẹ gbé ìyẹn náà wá tàbí kẹ́ ẹ yí àtúnṣe yín padà kó bá ilé mu. Àwọn alámòójútó stable sábà fẹ́ ti àkọ́kọ́, pé kẹ́ ẹ mú commit mainline bó ṣe wà, torí àtúnṣe ọ̀la á tún rọrùn láti wọlé. Mo gbà, tó bá kéré. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ohun tó dúró lé ni ìyípadà sí folio, ẹ má gbé e wá o, òkìtì commit ló máa tẹ̀ lé e, ẹ kàn yí i padà sí page.

Àwọn àgbà náà ti ṣìnà níbí, kì í ṣe àwa nìkan. Dirty COW, ihò ààbò tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ CVE-2016-5195, ti wà nínú kernel láti 2.6.22 ní 2007. Nígbà tí Linus tún un ṣe ní Oṣù Kẹwàá 2016, òun fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sínú commit náà pé òun ti gbìyànjú láti tún un ṣe ní ọdún 11 sẹ́yìn, tí òun ò ṣe é dáadáa, tí wọ́n sì yọ ọ́ torí pé ó dá wàhálà sílẹ̀ lórí s390, ẹ̀rọ ńlá IBM. Wọ́n gbé ti 2016 lọ sí 4.8.3, 4.7.9 àti 4.4.26. Nígbà tí wọ́n wá mú èrò àtúnṣe yẹn lọ bá page ńlá, ihò míì tún yọ níbẹ̀, CVE-2017-1000405, Oṣù Kọkànlá 2017 nìyẹn. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún page kékeré kò bá ti ńlá mu.

Kíkọ́ ẹ̀ (compile) ló kàn. Ẹ má fi config lásán kọ́ ọ, ẹ tan àwọn olùṣọ́:

```
make defconfig
scripts/config -e KASAN -e DEBUG_VM -e DEBUG_KMEMLEAK -e PAGE_OWNER -e PROVE_LOCKING -e VIRTIO_PCI -e VIRTIO_BLK
make olddefconfig
make -j4
```

KASAN ń mú ẹni tó bá lo mẹ́mọ́rì tó ti dá padà, ìdá kan nínú mẹ́jọ mẹ́mọ́rì ni òun nìkan máa gbà, ẹ rántí ìyẹn tẹ́ ẹ bá ń fún QEMU ní mẹ́mọ́rì. PROVE_LOCKING ń ṣọ́ àgádágodo. DEBUG_VM ló gbà mí lọ́jọ́ yẹn. Kmemleak, ọ̀pọ̀ gbára lé e jù: kò rí page tí wọ́n bá mú tààrà látọ̀dọ̀ ẹni tó ń pín page, ohun tí kmalloc àti irú wọn mú ló ń rí. Jíjò ọwọ́ lára page bíi tàbúrò mi yẹn, kmemleak á ní kò sí nǹkan kan, ẹ̀yin á sì gbà á gbọ́. Page_owner ló máa sọ fún yín, ẹ fi `page_owner=on` sí ìlà ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ka `/sys/kernel/debug/page_owner`, ẹ̀ẹ̀mejì, pẹ̀lú wákàtí kan láàárín, ẹ wo ojú ọ̀nà tí iye page ẹ̀ ń lọ sókè tí kì í sọ̀kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná. Kíkọ́ kernel lórí láàpùtọ́ọ̀pù mi máa ń gba ìrọ̀lẹ́ kan, iná sì lè lọ ní àárín ẹ̀. Ẹ lè kàn tún tẹ make, á bẹ̀rẹ̀ níbi tó dé, àmọ́ tí bátìrì bá kú pátápátá, àwọn fáìlì .o kan lè wà níbẹ̀ tí inú wọn ṣófo, make á rò pé wọ́n ti ṣe tán, linker á wá máa pariwo pé òun ò mọ fáìlì yìí, ẹ ó sì máa rò pé patch yín ló bà á jẹ́. Ẹ pa wọ́n rẹ́ kẹ́ ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀:

```
find . -name '*.o' -size 0 -delete
```

Lẹ́yìn náà QEMU. Ẹ má dán an wò lórí sáfà ilé ẹ̀kọ́ ẹnikẹ́ni.

```
qemu-system-x86_64 -enable-kvm -m 2G -smp 2 -nographic \
  -kernel arch/x86/boot/bzImage \
  -drive file=debian.img,format=raw,if=virtio \
  -append "console=ttyS0 root=/dev/vda rw page_owner=on"
```

Ẹ kọ́kọ́ ṣe é láìsí patch yín, kẹ́ ẹ rí bọ́ọ̀gì náà pẹ̀lú ojú yín. Tẹ́ ẹ ò bá lè mú kó ṣẹlẹ̀ láìsí patch, ẹ ò lè sọ pé patch ló dá a dúró. Ẹ wá fi patch sí i, ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tẹ́ẹ̀sì tó wà nínú kernel fúnra ẹ̀, fódà `tools/testing/selftests/vm` ni, láti 6.3 ó di `mm`, `run_vmtests` (lórí àwọn tuntun, `run_vmtests.sh`) wà nínú ẹ̀. Àwọn kan nínú wọn á kùnà lórí kernel àtijọ́ láìjẹ́ ẹ̀bi yín, torí náà ẹ tọ́jú èsì ti àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ lè fi wé ti ìkejì. Èmi tún máa ń dín -m kù sí 768M kí n wo bó ṣe ń ṣe nígbà tí mẹ́mọ́rì bá há, torí ọ̀nà àṣìṣe ni bọ́ọ̀gì mẹ́mọ́rì fẹ́ràn láti sá pamọ́ sí, ẹ̀rọ tó sì ní mẹ́mọ́rì yanturu kì í gba ọ̀nà yẹn.

Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fi `git range-diff` gbé àtúnṣe mainline àti tiyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn:

```
git range-diff <nọ́ńbà-àtúnṣe>^! HEAD^!
```

Gbogbo ìyàtọ̀ tó bá hàn níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí ẹ̀ lẹ́nu. Èyí tẹ́ ẹ ò bá lè sọ, ẹ padà lọ wò ó.

Ọ̀rọ̀ inú commit: ẹ má yí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ padà, iṣẹ́ ẹ̀ ni. Lókè, ẹ fi ìlà yìí sí i lóun nìkan, `commit <nọ́ńbà gígùn> upstream.` Gbogbo Signed-off-by tó wà níbẹ̀ ẹ fi sílẹ̀, tiyín á wá nísàlẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ yí padà, ẹ kọ ọ́ sínú àmì [ ] ṣáájú orúkọ yín, ní Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú, pé folio ò sí ní 5.10 torí náà mo lo put_page, mo ti wo àwọn tó ń pè é, báyìí báyìí ni wọ́n ṣe ń yọ ọwọ́. Ìlà yẹn ni Greg àti àwọn tó mọ mm máa kọ́kọ́ kà. Tẹ́ ẹ bá ṣe ohun tó yàtọ̀ sí mainline tẹ́ ẹ ò sì sọ ọ́, wọ́n á dá a padà, wọ́n sì jàre.

Ẹ̀ka tó dàgbà jù kọ́ lẹ máa tún ṣe nìkan o. Tí àtúnṣe ò bá tíì sí ní 5.15, wọn ò ní gbà á fún 5.10, torí ẹni tó bá kúrò ní 5.10 lọ sí 5.15 ò gbọ́dọ̀ tún pàdé bọ́ọ̀gì tó ti fi sílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀ka tó tuntun jù, kẹ́ ẹ máa bọ̀ wá sí 6.12, 6.6, 6.1, 5.15, kẹ́ ẹ tó dé 5.10, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní patch tiẹ̀. Ó máa ń rẹ èèyàn, àmọ́ láti 6.12 dé 6.1, cherry-pick lásán ló sábà máa ń jẹ́, ìbéèrè nípa àwọn tó ń pè é náà ṣì wà níbẹ̀.

```
git send-email --to stable@vger.kernel.org \
  --cc <ẹni-tó-kọ-àtúnṣe> --cc linux-mm@kvack.org \
  --subject-prefix "PATCH 5.10.y" HEAD^..
```

Ẹ má fi Gmail lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ímeèlì pẹ̀lú ọwọ́, á ba àwọn tab jẹ́, patch kò ní wọlé. Tí wọ́n bá gbà á, ẹ máa rí i nínú -rc kan, ìyẹn ẹ̀dà ìdánwò, ọjọ́ méjì ni wọ́n sábà máa ń fún àwọn èèyàn láti dán an wò kí wọ́n tó gbé e jáde. Ẹ fa -rc yẹn wálẹ̀ kẹ́ ẹ kọ́ ọ, tó bá ṣiṣẹ́ ẹ dáhùn pẹ̀lú `Tested-by:` àti orúkọ yín.

Ti Kétu ńkọ́? Mo fi kernel tá a kọ́ sí inú clé USB, mo fi rán ẹnì kan tó ń lọ síbẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án, mo pe àbúrò mi, mo ní báwo ni mẹ́mọ́rì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ṣì wà níbi tẹ́ ẹ fi sí." Ó wá fi kún un pé ìtẹ̀wé wọn ló kù tí kò ṣiṣẹ́, ṣé mo lè bá wọn wo ìyẹn náà.